Ẹ̀rọ ìdìbò tí kò ní ìwé ẹ̀rí: ta ni yóò tún ìbò kà?

Akọ̀wé_Kubwa kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Àìkú, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí dìbò yan alága. Tẹ́lẹ̀, ìwé pélébé la máa ń pín. Olúkúlùkù á kọ orúkọ ẹni tó fẹ́, á ká a, á sọ ọ́ sínú páálí. Lẹ́yìn náà wọ́n á máa fà á yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa ké e sókè. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọ̀dọ́ ní ká fi fóònù dì í, a sì gbà fún wọn. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí èsì fi hàn lára ògiri: ẹni kìíní 33, ẹni kejì 31. Ìyá àgbà kan dìde lẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ti ka orí gbogbo wa nígbà tí wọ́n ń pín omi, 61 péré ni wá nínú gbọ̀ngàn. Ariwo sọ. Wọ́n ní kí ọmọ tó ń darí ètò náà tún ìbò kà. Ó tẹ bọ́tìnnì. 33, 31. Wọ́n ní kó tún un kà. Ó tún un tẹ̀. 33, 31.

Mi ò sọ pé ọmọ náà ṣe màgòmágó. Ohun tí ẹ̀rọ ní nínú ló ń sọ fún wa. Àmọ́ ìbò kọ́ ló ń kà nígbà tó ń tẹ bọ́tìnnì yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Kò sí páálí tí a lè dà sílẹ̀ sórí tábìlì. A tú ká, kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì kú oríire.

Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pè fún irú nǹkan yìí fún gbogbo Nàìjíríà. Òfin ìdìbò ọdún 2010 ní ká má tíì lo ẹ̀rọ ìdìbò. Ti ọdún 2022 fi ọ̀nà tí a ó máa gbà dìbò sọ́wọ́ INEC. Tèmi ni pé bí ẹ̀rọ bá máa wọlé, kó jẹ́ èyí tó ń tẹ ìwé: o tẹ àmì ẹgbẹ́ tí o fẹ́, ìwé kékeré á jáde lẹ́yìn gíláàsì, wàá fojú ara rẹ kà á pé ohun tí o tẹ̀ nìyẹn, á sì já bọ́ sínú àpótí tí a tì pa. Bí ìjà bá dé, àpótí la ó ṣí. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá_Kaduna kọ:

Akọ̀wé, o ṣeun. Mo ti lé ní ogójì ọdún ní Kaduna, ìbò tí mo ti dì kò kéré, n kò sì fara mọ́ ohun tí o wí. Ìwé tí o ń tọrọ yìí náà ni wọ́n fi ń jalè. Lọ́dún kan, wọ́n ṣí àpótí níwájú mi ní ibùdó kan. Mo rí ìwé ìdìbò tó lé ní ogún tí wọ́n ká pọ̀ mọ́ra bí àdìpọ̀ owó, ìtẹ̀ka gbogbo wọn sì wà lójú kan náà gan-an. Ṣé ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni ogún ìwé gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Wọ́n kà á mọ́ ìbò. Àwa tí a ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀ dúró, à ń wò wọ́n.

Ìpínlẹ̀ tí mo ń gbé yìí ló kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ ìdìbò ní Nàìjíríà, níbi ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún 2018. Wọ́n tún lò ó ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2021, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba sì fìdí rẹmi ní ibùdó tí gómìnà El-Rufai fúnra rẹ̀ ti dìbò. Ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ mélòó lẹ ti rí irú rẹ̀?

Àwọn Amẹ́ríkà tí ẹ máa ń tọ́ka sí ńkọ́, kí ló dà wọ́n rú níbi ìdìbò ààrẹ ọdún 2000? Ìwé ni. Ní Florida, ihò ni wọ́n ń dá sára ìwé ìdìbò. Ihò míì kò lu tán, wọ́n wá ń gbé ìwé sókè síná láti mọ ẹni tí olùdìbò fẹ́. Ìbò 537 ni wọ́n fi sọ pé Bush borí níbẹ̀. Ohun tó mú wọn sá tọ ẹ̀rọ lọ nìyẹn. Ẹ̀rọ kì í gba owó, tọ́ọ̀gì kò sì lè dẹ́rù bà á.

Kóòdù_Gwarinpa kọ:

Ẹ kú alẹ́, Bàbá. Ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí n kò fi lè gbé ìbò mi lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ láìsí ìwé.

Òótọ́ lẹ sọ nípa Florida. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣòfin ní 2002, wọ́n náwó rẹpẹtẹ sórí ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ní ìwé kankan. Ní 2004, ní Carteret County ní North Carolina, ikùn ẹ̀rọ kún, àwọn èèyàn sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ìbò 4,438 ló ṣègbé. Ká ní wọ́n kà á ṣì ni, à bá tún un kà. Kò sí níbì kankan mọ́. Ní 2006, ní Sarasota ní Florida, wọ́n ń dìbò fún ipò aṣòfin kan. Ẹ̀rọ ní nǹkan bí 18,000 olùdìbò kò mú ẹnikẹ́ni fún ipò náà, ẹni tó wọlé sì fi 369 péré borí. Ṣé wọn kò fẹ́ ẹnikẹ́ni ni, àbí ojú ẹ̀rọ ló dà wọ́n rú? Kò sí àpótí tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò. Lọ́dún yẹn kan náà, Ed Felten àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Princeton fi hàn pé ìṣẹ́jú kan péré tó láti ki ètò olè sínú ẹ̀rọ Diebold, tí yóò sì máa ràn láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ nípasẹ̀ káàdì, bí àrùn.

Èyí tó gún mi lára jù ni ti Schaerbeek ní Belgium, 2003. Olè kankan kò sí níbẹ̀. Olùdíje kan rí ìbò 4,096 gbà lé iye tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà á dá nọ́ńbà yẹn mọ̀ lójú ẹsẹ̀: 2 lọ́nà 2, títí tí 2 fi pé méjìlá. Ẹyọ bíìtì kan ṣoṣo, ìyẹn 0 tàbí 1 kan nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, ló yí padà nínú ẹ̀rọ. Ohun tó tú u fó ni pé ìbò náà pọ̀ ju iye tó lè ṣeé ṣe lọ. Ká ní 256 ló fi kún un ńkọ́? Wọn ì bá ti búra fún un.

Bàbá, ẹni tó fẹ́ ki ayédèrú ìwé bọ àpótí ní ẹgbẹ̀rún ibùdó á wá ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹnì kan nínú wọn á sì sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà á rí i, bí ẹ ti rí àdìpọ̀ yẹn. Ẹni tó bá rí ọ̀nà wọnú ẹ̀rọ, òun nìkan tó, kò sì sí àdìpọ̀ kankan tí ojú yín máa tó.

Bàbá_Kaduna kọ:

Ọmọ mi, mo gbọ́. Ti Belgium yẹn wọ̀ mí lára. Àmọ́ mo rí àdìpọ̀ náà, kí ni rírí tí mo rí i ṣe? Wọ́n ṣì kà á.

POS_Nyanya kọ:

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi ò mọ òfin, ṣùgbọ́n mo mọ ìwé ẹ̀rọ. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe POS ní Nyanya. Ìwé tó ń jáde lára POS, ooru ló ń kọ ọ́, kò sí yíǹkì níbẹ̀. Ẹ gbé e síwájú mọ́tò lọ́sàn-án, á dúdú kálẹ̀. Ẹ fi í sínú àpò fún oṣù díẹ̀, á funfun báláú. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan wá bá mi pé owó tí òun ní kí n fi ránṣẹ́ kò dé, ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà. Ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e wá. Mo ní mo ní rìsíìtì rẹ̀, mo wá a nínú páálí títí mo fi rí i, mo sì nà án sí wọn. Òfìfo ni. Ẹ wo bí ojú ṣe ń ti ẹni tí kò jalè. Ìwé tí mo fi báírò kọ, tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà, ló gbà mí.

Nítorí náà bí wọ́n bá ní àwọn máa tẹ ìwé, ẹ bi wọ́n pé irú ìwé wo. Ẹjọ́ ìdìbò kì í tán lọ́sẹ̀ kan. Oòrùn Maiduguri àti Sokoto nínú oṣù Kẹta, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìwé á sì máa há. Nígbà tó bá há, ta ló máa ṣí ẹ̀rọ náà, ojú ta ló sì máa ṣe é?

Kóòdù_Gwarinpa kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ibi tí àwọn tó ń ra ẹ̀rọ kì í fẹ́ wò lẹ fọwọ́ bà yẹn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan l'Amẹ́ríkà ra èyí tó ń tẹ ìbò sórí ìwé kíká gígùn bíi ti POS yín gan-an, ó há, ó sì ṣòro kà. Ó tún ní àbùkù mìíràn: ìwé kíká ń to ìbò bí àwọn èèyàn ṣe tẹ̀ léra. Ẹni tó bá jókòó síbi tí wọ́n ń gbà wọlé, tó ń kọ orúkọ, lè fi méjèèjì wéra, á sì mọ ohun tí olúkúlùkù dì. Kí ẹ̀rọ máa gé ìwé náà ni, kó já bọ́, kí gbogbo wọn pò pọ̀ nínú àpótí.

Ìyá_Dawanau kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé olùdìbò kò lè mú ìwé tirẹ̀ lọ sílé?

Kọ́pà_Bauchi_Tẹ́lẹ̀ kọ:

Rárá o, Ìyá wa. Ọjọ́ tí ìwé bá ń bá èèyàn lọ sílé, ọjọ́ yẹn ni àwọn oní dìbò-kóo-sebẹ̀ rí ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n á ní mú ìwé wá kóo gba owó. Nítorí wọn ni INEC ṣe ní kí ẹnikẹ́ni má mú fóònù wọ ibi tí a ti ń tẹ̀ka. Ojú ni kí olùdìbò fi mú un, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Mo ṣiṣẹ́ ní ibùdó kan ní Bauchi ní 2023, nígbà tí mo wà lẹ́nu àgùnbánirọ̀. Ohun tí n kò lè gbàgbé ni ìgbà tí a ń ka ìbò. Mo ń gbé ìwé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn tó yí wa ká sì ń bá mi kà á, ɗaya, biyu, uku, títí kan àwọn ọmọdé tí kò tíì tó ìdìbò. Nígbà tí mo ṣì nọ́ńbà kan pè, ogún ẹnu ló tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Òòrùn ti ń wọ̀, a ń tan iná fóònù sí i. Mo kọ ọ́ sínú EC8A, ìwé èsì ibùdó, àwọn ájẹ́ǹtì fọwọ́ sí i, wọ́n gba ẹ̀dà tiwọn, mo lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ògiri, mo fi BVAS, ẹ̀rọ tí INEC fi ń dá olùdìbò mọ̀, ya àwòrán rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwòrán èsì ti ààrẹ kò gòkè sórí IReV, ojú òpó èsì INEC lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lálẹ́ ọjọ́ yẹn bó ṣe yẹ. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá kan ń fi ìka tọ nọ́ńbà lára ìwé tó wà lára ògiri, ó ń pè é fún ọmọ rẹ̀, ọmọ náà ń kọ ọ́ sínú ìwé iléèwé rẹ̀.

Ìyẹn ni mo fi ń gba ti Akọ̀wé. Bàbá yẹn kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè sọ nọ́ńbà mìíràn fún un nípa ibùdó rẹ̀.

Amòfin_Wuse kọ:

Ẹ ṣeun, Kọ́pà. Ẹ jẹ́ kí n mú ohun tí àwọn ilé ẹjọ́ ti sọ wá.

Ní Jámánì, bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ pẹjọ́ lórí ẹ̀rọ Nedap tí wọ́n lò níbi ìdìbò 2005. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 2009, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin ilẹ̀ wọn ní lílo ẹ̀rọ náà kò bófin mu. Wọn ò rí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni jí ìbò. Ohun tí adájọ́ dúró lé ni pé aráàlú tí kò ní ìmọ̀ pàtàkì kankan gbọ́dọ̀ lè yẹ bí wọ́n ṣe dìbò àti bí wọ́n ṣe kà á wò fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo ìdájọ́ tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun ni mo fẹ́ràn jù. Bàbá tó ń fi ìka tọ nọ́ńbà lára ògiri ní Bauchi ni adájọ́ yẹn ń gbèjà, bí wọn ò tilẹ̀ mọra.

Íńdíà ń lo ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ìwé. Ní 2013 ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé kún un, nígbà tó fi di 2019 ó ti kárí gbogbo ilẹ̀ wọn. Ìwé náà á hàn lẹ́yìn gíláàsì fún ìṣẹ́jú àáyá 7, pẹ̀lú orúkọ olùdíje àti àmì rẹ̀, á sì já bọ́. Àmọ́ ibùdó 5 péré ni wọ́n ń ka ìwé rẹ̀ ní àgbègbè ìdìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀, ilé ẹjọ́ kò gbà fún wọn ní 2024.

Ti Namibia ni kí ẹ fetí sí dáadáa. Àwọn ló kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ yìí dìbò gbogbogbòò nílẹ̀ Áfíríkà, ní 2014. Òfin tiwọn fúnra rẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n nígbà tí mínísítà ń mú òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó yọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò 2019, Panduleni Itula, olùdíje ààrẹ tó pàdánù, lọ sílé ẹjọ́. Nínú oṣù Kejì 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a láre pé ohun tí mínísítà ṣe ta ko ìwé òfin, síbẹ̀ wọn ò wọ́gi lé ìbò tí Hage Geingob fi wọlé. Wọ́n gbà pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ìwé, àmọ́ níbo ló ti máa rí ìwé tó máa fi hàn pé wọ́n rẹ́ òun jẹ? Nígbà tí wọ́n fi ìwé dìbò ààrẹ ní 2024, ìwé tán ní ọ̀pọ̀ ibùdó, wọ́n ní láti fi ọjọ́ kún ìdìbò. Mo sọ ìyẹn kí Bàbá má baà rò pé mo ń fi àbùkù ìwé pa mọ́.

Nílẹ̀ tiwa, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 2023 pé IReV kì í ṣe ibi tí a ti ń ṣàkójọ èsì, àti pé àìgòkè àwòrán kò tó láti fagi lé ìdìbò. Ìwé EC8A ni ẹ̀rí tí àwọn ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbé wá. Bí ẹ̀rọ ìdìbò bá wọlé tí kò sí ìwé olùdìbò, kí ni amòfin yóò gbé síwájú adájọ́? Ìwé tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tẹ̀ nípa ara rẹ̀.

Ìyá_Dawanau kọ:

Ọ̀rọ̀ yín ti yé mi wàyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ọkà ni mo ń rà ní Dawanau ní Kano, mo ń kó o lọ sí Ìbàdàn. Bí mo bá fẹ́ ra ọgọ́rùn-ún àpò àgbàdo, mi ò lè tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Irin kan wà tí a ń lò, ẹnu rẹ̀ ṣóṣóró, inú rẹ̀ ní ihò. A ó fi gún àpò wọ inú lọ́hùn-ún, ọkà á gba inú irin ṣàn sí àtẹ́lẹwọ́. Orí àpò lè dára kí àárín rẹ̀ jẹ́ kìkì kòkòrò, èmi náà ti rà á rí. Àmọ́ ẹni tó ń tà kọ́ ló ń yan àpò tí mo máa gún. Bó bá ní "Hajiya, gún eléyìí," mo mọ̀ pé eléyìí ti dára, ìsàlẹ̀ òkìtì ni mo ń lọ. Bí mo bá gún mẹ́wàá tí gbogbo rẹ̀ mọ́, mo sanwó. Bí méjì bá bà jẹ́, wọ́n máa tú gbogbo ẹ̀ ni, bí ọjọ́ bá fẹ́ kó ṣú. A sì ti jọ sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó mú irin.

Ṣé àpótí ìbò kò lè rí bẹ́ẹ̀? Kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ sọ èsì tirẹ̀ ní gbogbo ibùdó. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wá mú ibùdó tí wọ́n máa ṣí, lójú gbogbo ayé. Bí wọ́n bá mú un ṣáájú, ẹni tó fẹ́ ṣe ibi á mọ ibi tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Kóòdù_Gwarinpa kọ:

Ìyá, ẹ ṣeun gan-an ni. Ohun tí ẹ ń ṣe ní Dawanau ni Colorado l'Amẹ́ríkà ń ṣe kárí ìpínlẹ̀ wọn láti oṣù Kọkànlá 2017. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń da dáìsì olójú mẹ́wàá kí wọ́n tó mọ ìwé tí wọ́n máa yẹ̀ wò. Bí ìbò bá ti súnmọ́ra tó ni ìwé tí wọ́n máa kà ṣe ń pọ̀ tó. Georgia, ìpínlẹ̀ míì níbẹ̀, tilẹ̀ fọwọ́ ka nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún ìwé ní 2020, ẹni tí ẹ̀rọ sọ pé ó wọlé náà ni ìwé sọ. Ẹni tó wọlé lóòótọ́ nílò ìwé yẹn bí ẹni tó pàdánù ṣe nílò rẹ̀. Akọ̀wé, ẹ bi alága yín tuntun bí ó ṣe ń sùn.

Tísà_Zaria kọ:

Ẹ kú ìjíròrò. Mo ti fọ́jú láti kékeré, fóònù mi ló ń ka ohun tí ẹ ń kọ sí mi létí. Gbogbo yín ń sọ pé kí olùdìbò fojú ara rẹ̀ kà á. Ojú wo ni kí n fi kà á?

Òfin 2022 gbà mí láàyè láti mú ẹni tí mo fọkàn tán wọ ibi ìdìbò, INEC sì ti ṣe ìwé atọ́nà Braille. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dìbò láti ìgbà tí mo ti tó ìdìbò, ẹnì kan máa ń mọ ẹni tí mo dì í fún. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, bàbá mi ni. Bàbá mi àti èmi kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà, mo sì ń dìbò fún ẹgbẹ́ tiwọn nítorí wọ́n dúró tì mí. Ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ sí mi létí ní Yorùbá tàbí ní Hausa á jẹ́ kí n dá dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. L'Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ afọ́jú wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lòdì sí ìwé nítorí èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí ìwé gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi.

Akọ̀wé_Kubwa kọ:

Tísà, ẹ dárí jì mí. Mo kọ "fojú ara rẹ kà á", mi ò rò ó dé ọ̀dọ̀ yín rárá.

Kóòdù_Gwarinpa kọ:

Tísà, ẹ̀rọ àti ìwé lè jọ wà. Kí ẹ̀rọ tẹ orúkọ sórí ìwé ní lẹ́tà gbàǹgbà, kí ẹ̀rọ kejì, tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, ka ìwé náà sí yín létí kó tó bọ́ sínú àpótí. Èyí tó yẹ ká sá fún ni ti Georgia. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní 2019 ń tẹ orúkọ, ó sì ń tẹ àmì QR sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmì yẹn sì ni ẹ̀rọ ìkàwé ń kà. Olùdìbò ka orúkọ, ẹ̀rọ ka ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè kà. Wọ́n ti ṣòfin ní 2024 pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Kì í sì í ṣe ẹni tó fọ́jú nìkan ni kò ríran níbẹ̀. Ní Yunifásítì Michigan, wọ́n ṣe ìdìbò àfiṣàpẹẹrẹ kan, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yí ìbò kan padà lórí ìwé oníkálukú. Nínú ọgọ́rùn-ún, bí èèyàn méje ló sọ fún òṣìṣẹ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Wọ́n gba ìwé, wọn ò wò ó. Bí a ò bá kọ́ àwọn èèyàn wa láti wo gíláàsì yẹn, ọ̀bẹ olè kan náà á tún ibẹ̀ wọlé.

Tísà_Zaria kọ:

Bí ẹ̀rọ kejì bá ń ka ìwé kan náà tí ẹ̀yin lè fojú kà, mo gbà.

Bàbá_Kaduna kọ:

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà pé ẹ̀rọ tí kò ní ìwé kò yẹ ká gbà á. Ìbéèrè mi kù kan. Bí ẹ̀rọ bá ní 200, tí ìwé inú àpótí bá ní 260, èwo la ó tẹ̀ lé?

Amòfin_Wuse kọ:

Ní Íńdíà, ìlànà wọn ní ìwé ló borí.

Bàbá_Kaduna kọ:

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyẹn. Bí ìwé bá borí ní Nàìjíríà, tọ́ọ̀gì á gbàgbé ẹ̀rọ, á dojú kọ àpótí, àdìpọ̀ mi á tún padà wá. Bí ẹ̀rọ bá borí, a ti padà sọ́dọ̀ ọmọ tó ń tẹ bọ́tìnnì. Tèmi ni pé bí méjèèjì kò bá bára mu, kí wọ́n má gba ọ̀kankan, kí ibùdó náà tún ìbò dì. Kí wọ́n sì ka ìwé níbẹ̀, lójúmọmọ, kí àpótí tó gbéra, bí Kọ́pà ṣe ṣe é tí àwọn ọmọdé ń bá a kà. Àpótí tó bá ti gun mọ́tò láìjẹ́ pé a kà á, n kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́.

POS_Nyanya kọ:

Bàbá, mo wà lẹ́yìn yín lórí èyí. Kí wọ́n sì fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́.

Amòfin_Wuse kọ:

Bàbá, kí a tún ìbò dì bí méjèèjì bá yàtọ̀, ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé òun máa pàdánù ní ibùdó kan lè ki ìwé mẹ́wàá bọ àpótí kí wọ́n lè tún un dì. Ibùdó 176,846 la ní ní 2023. A gbọ́dọ̀ kọ iye ìyàtọ̀ tó tó ká tún ìbò dì sínú òfin, ká sì kọ ìjìyà ẹni tó fà á mọ́ ọn. Mo máa kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, màá gbé e wá síbí kí ẹ bá mi tú u.

Akọ̀wé_Kubwa kọ:

A ó máa retí rẹ̀, Amòfin.

Mo pe alága wa tuntun láàárọ̀ yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a tún ìbò dì, ó ní òun kò lè jókòó sórí àga tí 64 fi gbé òun nígbà tí 61 wà nílé. Ọjọ́ Àìkú kejì oṣù tó ń bọ̀ ni. A ó tẹ fóònù, a ó sì kọ ìwé. Ìyá tó ka orí wa ló máa dúró ti páálí. Mo fẹ́ bi Ìyá Dawanau: nínú ìwé mọ́kànlélọ́gọ́ta, mélòó ni ká fà yọ?

Ìyá_Dawanau kọ:

Ọmọ mi, mọ́kànlélọ́gọ́ta kò tó àpò kan. Ẹ tú gbogbo rẹ̀, kí ẹ kà á.